Teleprompter fóònù fún oníròyìn Yorùbá: gíláàsì rẹ̀ kò burú, lẹ́tà ni ká yẹ̀ wò

Iṣẹ́ oníròyìn tẹlifíṣọ̀n ní Abẹ́òkúta kò mọ sí ìdí tábìlì sítúdíò mọ́. Ẹni tó ka ìròyìn alẹ́ ní OGTV tàbí NTA lánàá lè máa ka ìpolówó lónìí nínú yàrá kan ní Òkè-Ìlewó, kó sì gbé fídíò tirẹ̀ sórí Facebook kí ilẹ̀ tó ṣú. Fún irú iṣẹ́ ìta bẹ́ẹ̀ ni teleprompter (ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kà hàn lójú gíláàsì níwájú kámẹ́rà) kékeré tó ń lo fóònù, tó ṣeé ká sínú báàgì, ṣe wà. Ó wúlò gan-an ni. Àmọ́ àwọn tó ṣe é kò ro ti Yorùbá mọ́ ọn, ibẹ̀ sì ni wàhálà rẹ̀ wà.

Nínú páálí, ẹ ó bá férémù, gíláàsì, ìbòrí aṣọ dúdú, àwo tí fóònù ń sùn lé, àwọn òrùka irin tó ń so ó mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì, àti rìmóòtù Bluetooth. Gíláàsì yẹn ló gba owó. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n kùn nínú rẹ̀. Èyí tó dára ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ kọjá sí kámẹ́rà, ó sì ń dá ìdá 30 padà fún òǹkàwé. Ẹ dá a dagun ní ìwọ̀n 45, kí ojú tí wọ́n kùn kọjú sí òǹkàwé. Bí ó bá yí sódì, tàbí tó jẹ́ gíláàsì fèrèsé ni wọ́n gé sí i, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á di méjì, ìkejì á máa tọ àkọ́kọ́ lẹ́yìn bí òjìji. Ẹ fi ṣóńṣó bírò kàn án wò: lójú tí wọ́n kùn, ṣóńṣó àti àwòrán rẹ̀ á fẹnu kanra, lójú kejì, àlàfo á wà láàárín wọn.

Ó wá ku lẹ́tà. Bí àmì bá sọnù lójú gíláàsì, kò sí àyè pé òǹkàwé ń rò ó. "Ọkọ̀ mẹ́ta forí sọra ní Lafẹ́nwá" á di ọkọ mẹ́ta, àwọn tó wà nílé á sì máa fi ìròyìn jàǹbá rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ Ẹ̀gbá" á di "ile Egba", àlejò lè ka ẹgba tí wọ́n fi ń na ọmọ. Ní ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní 1859! Ohun tó ń fà á ni pé nínú Unicode, ètò tí ẹ̀rọ fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ, ọ, ṣ, ń àti ǹ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni ẹ̀rọ ń tò lé ara wọn. Fọ́ǹtì (irú ojú lẹ́tà) tí kò mọ̀ ọ́n tò á ju àmì náà sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kó fi àpótí kékeré dípò rẹ̀. Noto Sans, Charis SIL àti Gentium ń tò ó dáadáa. Áàpù tó ń yí ọ̀rọ̀ lójú fóònù, tí kò bá jẹ́ kí ẹ yan fọ́ǹtì, ẹ má fi ka Yorùbá.

Ẹ má fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ìròyìn, àmì orí wọn ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ máa ń gé. Lẹ́tà tó ki jù náà kò dára: àmì ìsàlẹ̀ ọ á wọ ara lẹ́tà, o lásán lẹ ó sì máa rí lókèèrè. Àlàfo ìlà, ẹ fi sí 1.5, torí tó bá fún jù, àmì orí ìlà ìsàlẹ̀ á kan àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí márùn-ún tó fún ìlà kan. Tó bá ju bẹ́ẹ̀, ojú á máa sáré lọ sọ́tùn-ún sósì, òǹwòran á sì rí i.

Nọ́ńbà ńkọ́? Ojú rí 17, ó rí 1 ṣáájú 7, ẹnu sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ẹ́ta tó dín nínú ogún. Ahọ́n á kọsẹ̀ dandan. Ẹ kọ mẹ́tàdínlógún síbẹ̀. ₦450,000, ẹ kọ ọ́ ní "ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta-lé-nírínwó náírà", bó ti wù kó gùn tó.

Fún fóònù, bíi mítà kan ààbọ̀ láàárín òǹkàwé àti gíláàsì dára. Lẹ́tà funfun lórí dúdú ni kí ẹ lò, pàápàá fún ẹni tó ń lo awò ojú, kí ìmọ́lẹ̀ má baà tàn sójú awò. Bí ibi tí lẹ́ǹsì ń rí bá fẹ̀ jù, etí férémù á yọ nínú àwòrán. Ẹ fi fóònù sí airplane mode kí ìpè má baà dá ìròyìn dúró, kí ẹ wá tan Bluetooth padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ rìmóòtù kò ní ṣiṣẹ́. Nínú ooru oṣù Kẹta, fóònù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà lókè pátápátá á gbóná, á sì dín ìmọ́lẹ̀ kù fúnra rẹ̀ láàárín iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó sinmi láàárín ìròyìn méjì.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé áàpù tó ń yí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo lè kó Aláké, Òṣilẹ̀, Àgùrà àti Olówu jọ pẹ̀lú oyè wọn, èyí tó tẹ̀ lé e lè má ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ. Ẹ̀rọ tí ìyára rẹ̀ kò yí padà kò mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó lè kà á, ni kí ẹ fún ní rìmóòtù.

Tí ẹ bá ń lọ rà á ní Pánṣẹ́kẹ́, fóònù tiyín ni kí ẹ mú dání, kí ẹ ti kọ ìlà yìí sínú áàpù láti ilé: "Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ Ṣadé ń wá sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá." Ẹ tò ó jọ níwájú oníṣọ́ọ̀bù, ẹ sún sẹ́yìn tó mítà kan ààbọ̀, kí ẹ wá kà á sókè.