Ṣọ́ọ̀bù Kan ní Agbowó Tí Àwọn Ọmọ Ti Ń Fọwọ́ Ara Wọn Jí Eré Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Dìde

Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin léraléra ni mo fi mú ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mọ́kànlá, lọ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbowó, ní òdìkejì ẹnubodè Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń jí àwọn eré kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí a ṣe fún ẹ̀kọ́ ọmọdé dìde. Láàárín ọ̀sẹ̀, ìwé títẹ̀, fọ́tókọ́pì àti ìwé dídì ni iṣẹ́ wọn, bíi ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àdúgbò náà. Ní Sátidé, láti aago mẹ́wàá sí aago kan, wọn a fi kọ̀ǹpútà mẹ́fà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. ₦1,500 ni wọ́n ń gbà lórí ọmọ kan, iṣẹ́ wọn sì tó owó náà.

Àwọn eré yìí kò ní àwòrán rárá. Ọ̀rọ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń kọ sójú rẹ̀, a béèrè ìbéèrè, ọmọ a sì fi nọ́ńbà dáhùn. Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí ni pé ọmọ kì í bá eré náà nínú kọ̀ǹpútà. Bébà ni wọ́n máa ń gbé fún un, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìlà kọ̀ọ̀kan ní BASIC, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kó tó lè fi ṣeré.

Hamurabi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yóò jọba fún ọdún mẹ́wàá lórí ìlú tó ní ènìyàn 100, ilẹ̀ éékà 1,000 àti òṣùwọ̀n ọkà 2,800. Ẹnì kan ń jẹ òṣùwọ̀n 20 lọ́dún, òṣùwọ̀n kan tó gbin éékà méjì, ẹnì kan kò sì lè ro ju éékà 10 lọ. Iye tí wọ́n ń ta éékà ilẹ̀ kan máa ń yí padà lọ́dọọdún, láti òṣùwọ̀n 17 sí 26. Ọmọ mi yí bébà rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi bírò ṣírò rẹ̀: 2,000 fún oúnjẹ, 500 fún irúgbìn, 300 ló ṣẹ́ kù. Ó fẹ́ fi 300 náà ra ilẹ̀. Ìka rẹ̀ ti wà lórí kíbọ́ọ̀dù kí ó tó dáwọ́ dúró, ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ta ni yóò wá ro ó?" Òtítọ́ ni, nítorí pé ènìyàn 100 kò lè ro ju éékà 1,000 tí ìlú náà ti ní tẹ́lẹ̀. N kò tíì rí iṣẹ́ àṣetiléwá kan tó mú un ronú bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń tì í. Nígbà tó ṣe eré náà lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ọkà oúnjẹ ra ilẹ̀, ebi pa ju ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú, wọ́n sì rọ̀ ọ́ lóyè lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà máa ń sọ ìtàn eré kọ̀ọ̀kan fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ ìtàn náà dáadáa. Gbòǹgbò Hamurabi ni The Sumerian Game, tí Mabel Addis, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York, gbé kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ IBM, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, láàárín ọdún 1960 sí 1969. Ètò eré yẹn gan-an ti sọnù. Èyí tí Doug Dyment kọ ní 1968 lẹ́yìn tó gbọ́ nípa rẹ̀ ni David Ahl sọ di BASIC, tó sì tẹ̀ sínú ìwé ní 1973, ìwé náà ni kò jẹ́ kó parun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti The Oregon Trail, eré nípa ìrìn àjò àwọn tó ń ṣí lọ sí ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mẹ́ta, Don Rawitsch, Bill Heinemann àti Paul Dillenberger, kọ́kọ́ gbé síwájú kíláàsì ní Minneapolis ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, 1971. Nígbà tí sáà parí, wọ́n pa á rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Bébà tí Rawitsch tẹ̀ ẹ́ sí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, èyí ló sì tún tẹ̀ wọlé nígbà tó dé MECC, àjọ tó ń rí sí ìlò kọ̀ǹpútà fún ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní 1974. Nígbà tí mo gbọ́ èyí ni ìdí tí bébà fi ṣáájú ní ṣọ́ọ̀bù náà yé mi.

Ní Sátidé kẹta, wọ́n ní kí àwọn ọmọ sọ ọ̀rọ̀ inú Hamurabi di Yorùbá. Níbi tí ìránṣẹ́ ọba ti ń jíṣẹ́, ọmọ mi tẹ̀ ẹ́ pé KABIYESI, MO WA JISE FUN YIN, inú mi sì dùn púpọ̀. Àmọ́ BASIC àtijọ́ kò mọ àmì ohùn, kò sì mọ lẹ́tà tí a fàmì sí nísàlẹ̀. OKA tó wà lójú kọ̀ǹpútà lè jẹ́ ọkà, ó sì lè jẹ́ ọká, ejò. Ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa béèrè tọkàntọkàn ìdí tí ọba fi ń kó ejò pamọ́ sínú àká. Ọ̀gá náà ní kí wọ́n fi bírò fàmì sí èyí tó wà lórí bébà, kí ẹni tó bá tún un tẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lè mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Mo gbà pé ó ṣe é dáadáa.

Àléébù wà. Àwọn fọ́tókọ́pì wọn ti ṣá débi pé òdo àti lẹ́tà O kò yàtọ̀ síra. Ogún ìṣẹ́jú ni ọmọ mi fi wá àṣìṣe kan nínú nọ́ńbà 2800. Ní Sátidé kejì, iná lọ nígbà tó ku ìlà bíi mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tó ti sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa fi iṣẹ́ pamọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ni gbogbo rẹ̀ bá lọ. Ọmọ méjì sunkún. Fún ibi tó wà fún ìpamọ́, èyí dùn mí gan-an, mo sì sọ fún ọ̀gá náà. Ó tọrọ àforíjì, ó sì ra bátìrì kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Mo tún rọ̀ ọ́ pé kí ó tẹ ẹ̀dà Yorùbá tí àwọn ọmọ ṣe sórí bébà tó mọ́, kí ó sì kó wọn lọ sí ilé ìkàwé, nítorí ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú fáìlì kan kò tó.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án lè tètè rẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Ẹ dé kí aago mẹ́wàá tó lù, nítorí àga mẹ́fà péré ló wà, kí ẹ sì fún ọmọ yín ní ìwé àti bírò tirẹ̀ dání.