Ìpàdé onígbèsè ní Amẹ́ríkà, lójú ẹni tó nílẹ̀ sí Ifẹ̀

Bí ọmọ Ifẹ̀ tó ń gbé Amẹ́ríkà bá wọko gbèsè, tó sì wọ kóòtù lábẹ́ Chapter 7 (apá òfin tó ń jẹ́ kí kóòtù dárí gbèsè ji ẹni tí kò lè san án), ìpàdé kan wà tí kò gbọdọ̀ pa jẹ: 341 meeting, ìpàdé òun àtàwọn tó jẹ lówó. Orúkọ yẹn ló ń já àwọn ará ilé láyà. Wọ́n á rò pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ kó ológò wá jókòó ti ọmọ àwọn. Rárá o. Àwọn olówó kì í sábà yọjú. Adájọ́ pàápàá, òfin ò gbà á láyè kó wà níbẹ̀. Trustee, ìyẹn ẹni tí wọ́n yàn láti bójú tó ohun ìní onígbèsè, ló ń darí ẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10 ó sì sábà máa ń parí.

Ètò náà fúnra rẹ̀ dáa lójú wa. Orí Zoom ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí, láàárín ọjọ́ 21 sí 40 lẹ́yìn tí ìwé bá wọ kóòtù. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè gba ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí lọ́yà bá ti sọ ọ́ fún trustee ṣáájú. Èyí ló wù wá jù. Ibi tó kù sí ni pé trustee kì í dúró ṣàlàyé. Ìbúra ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè ló sì kàn, wéréwéré. Ẹni tí kò ka ìwé tó fọwọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò ti máa kólòlò.

Ohun kéékèèké ló sábà ń ba ọjọ́ náà jẹ́: káàdì tó ní fọ́tò kò sí nítòsí, ìwé Social Security (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà) sọnù, tàbí orúkọ ilé ọkọ wà lórí ìwé kan tí orúkọ bàbá wà lórí èkejì. Wọ́n á sún ìpàdé síwájú ni. Ìwé owó orí ọdún tó kọjá gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ trustee ó kéré tán ọjọ́ 7 ṣáájú.

Ìbéèrè tó wúwo jù fún ará Ifẹ̀ rèé: “Ṣé gbogbo ohun ìní yín lẹ kọ sílẹ̀?” Gbogbo, níbikíbi láyé. Ilẹ̀ Parakin tí kò tíì ní C of O wà níbẹ̀. Ilé ọ̀nà Ẹdẹ tí kò tíì kọjá lẹ́ńtẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó fowó ara rẹ̀ rà lórúkọ ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ ọ́. Àjọ tí kò tíì kó, ẹ kọ ọ́. Ní ti ilẹ̀ ẹbí, ẹ kọ ọ́ pé ti ẹbí ni, pé ẹnì kan ò lè dá a tà. Bí bàbá bá sì kú láàárín ọjọ́ 180 lẹ́yìn tí ìwé wọ kóòtù, ogún tó kàn án náà di ohun tó gbọ́dọ̀ sọ.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀ kò ní kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dandan. Trustee lè fi ilẹ̀ tí owó títà rẹ̀ kò ní kún ojú ìnáwó sílẹ̀. Fífi í pa mọ́ ló léwu: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5 ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré lọ yí rìsíìtì sí orúkọ àbúrò. Ohun tó bá fi tọrẹ láàárín ọdún 2 ṣáájú kí ìwé tó wọ kóòtù, trustee lè tú u wò. Gbèsè tó san padà fún ẹ̀gbọ́n tàbí òbí láàárín ọdún kan ṣáájú, ó lè ní kí ẹ̀gbọ́n ọ̀hún dá a padà.

Rìsíìtì, ìwé sọ́fè, fọ́tò ilẹ̀ àti iye tí ẹni tó ń díyelé ilẹ̀ fọwọ́ sí ni kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó tó fọwọ́ síwèé, kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé.

Láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá fún ìpàdé, ọjọ́ 60 ni àwọn tó jẹ lówó ní láti tako ìdáríjì gbèsè náà. Láàárín ọjọ́ 60 yẹn kan náà ni kí onígbèsè náà parí ẹ̀kọ́ nípa ìṣọ́wóná, tó pọn dandan. Bí kò bá sẹ́ni tó takò ó, ìwé ìdáríjì ló kàn.