Injiníà kọ̀ǹpútà tó wà ní Sábó: iṣẹ́ ẹ̀ dáa o, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé àdéhùn ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé níbo ni mo ti tún kọ̀ǹpútà géèmù mi ṣe, Ìkòròdú níbí náà ni, mi ò dé Ìkẹjà rárá. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni ní Sábó, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ibi tẹ́ ẹ bá jókòó sí lẹ ó ti máa gbọ́ àwọn kọ́ńdọ́ tó ń pe Máìlì 12 àti Kẹ́tu nísàlẹ̀. Injiníà ni gbogbo èèyàn ń pe ọmọkùnrin tó ni ín.

Kí n sọ ohun tí mo ní nílẹ̀ ná. Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà yìí, ẹ̀gbọ́n mi ló fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ sí Kánádà. Prosẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Core i5-2500K ló wà nínú ẹ̀, èyí tí Intel gbé jáde lọ́dún 2011, RAM 4GB, pẹ̀lú háàdì dískì tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹni ń fi eyín fọ́ ẹ̀kùrọ́. Gráfíìsì kaadi kankan, èyí tó ń gbé àwòrán géèmù, ò sí níbẹ̀. Tí mo bá tàn án, màá lọ wẹ̀, màá padà wá bá a níbi tó ti ń rò ó bóyá kóun ṣí. Àmọ́ lẹ́tà K tó wà lẹ́yìn orúkọ prosẹ́sọ̀ yẹn ló kó sí mi lórí, torí K yẹn ló jẹ́ kéèyàn lè mú un sáré ju bó ṣe kúrò nílé iṣẹ́ lọ, overclock nìyẹn. Mo ti wo fídíò lóríṣiríṣi, mo ti ń rò ó pé overclock yìí nìkan á sọ nǹkan mi di tuntun.

Ọ̀dọ̀ Injiníà kọ́ ni mo kọ́kọ́ lọ o. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan tí mi ò ní dárúkọ, ó ní kò sí wàhálà, ó gba ₦15,000 owó overclock, ó tún ta páwà sọ́pláì tí wọ́n kọ 600W sí lára fún mi. Mo délé mo ṣí CPU-Z, áàpù tó ń fi bí prosẹ́sọ̀ ṣe ń sáré hàn, 3.3GHz náà ni, tí mo bá sì ń ṣe géèmù ó lè gun 3.7, bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn kó tó gbowó lọ́wọ́ mi. Mo pè é, ó ní kí n ṣe sùúrù, pé díẹ̀díẹ̀ ni ara ẹ̀ máa yá. Àbí ẹ ò rí nǹkan, prosẹ́sọ̀ tó ń ṣàìsàn! Lọ́jọ́ kẹta mo wà nínú géèmù, mo kàn gbọ́ gbàù, òórùn wáyà tó jóná gba gbogbo yàrá, ìyá mi sáré jáde látinú kíṣìnnì, "Ṣé nǹkan yìí ò ní dáná sunlé mọ́ wa lórí báyìí?" Páwà sọ́pláì oní-600W ló kú yẹn. Nǹkan míì ò bà jẹ́, orí ló yọ mí.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Injiníà, kò tiẹ̀ tàn án. Ó mú páwà sọ́pláì tó jóná yẹn, ó jù ú sókè díẹ̀, ó hán an, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ gbé e wò, kò wúwo tó páálí kọnfléèkì." Ó wá gbé òmíràn lé mi lọ́wọ́, tòkunbọ̀, 450W péré ni wọ́n kọ sí i, ọwọ́ mi wálẹ̀. Ó ní irin àti kọ́pà inú ẹ̀ ni mò ń gbé yẹn, pé tíyẹn ò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n kọ 1000 sí i lára, àwọ̀ lásán ni. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó wo bọ́ọ̀dù, pátákó ńlá tí wọ́n to gbogbo nǹkan inú ẹ̀ sí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ta ló gbowó overclock lọ́wọ́ yín?"

Bọ́ọ̀dù H61 ló wà nínú ẹ̀. Ṣé ẹ rí i, K wà lára prosẹ́sọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú bọ́ọ̀dù H61 ò gbà kéèyàn gbé nọ́ńbà ìsáré ẹ̀ sókè. Èèyàn gbọ́dọ̀ ní irú bọ́ọ̀dù bíi P67, Z68 tàbí Z77. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi nínú gbogbo fídíò tí mo wò, tàbí kí n kúkú jẹ́wọ́, wọ́n sọ ọ́ mo fò ó kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ràn ọmọ yìí fún nìyí: ó ní Z77 kan nílẹ̀ tó fẹ́ tà ní ₦45,000, ó sì rí i pé ojú mi ti wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí n má tíì rà á, ká kọ́kọ́ ra SSD (ó ń ṣe iṣẹ́ háàdì dískì, àmọ́ ó yára jù ú lọ) àti gráfíìsì kaadi, tówó bá ṣẹ́ kù ká wá sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù. Ọlọ́jà mélòó ló máa sọ bẹ́ẹ̀? Owó tó kù lọ́wọ́ mi nígbà yẹn ₦250,000 géérégé, owó àjọ.

GTX 1060 6GB ló gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ₦105,000, tòkunbọ̀ náà ni. Kaadi 2016 ni, 120W ló ń jẹ, wáyà oní-6-pin kan ṣoṣo ló sì nílò, ìdí nìyẹn tí 450W fi lè gbé e láìsí làálàá. Ó fi iṣẹ́ tó le lé e lórí ní ṣọ́ọ̀bù fún odidi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níṣojú mi, fáànù ń hu, a jọ ń wo ooru ẹ̀, torí ó ní ọ̀pọ̀ irú kaadi yẹn ni wọ́n ti fi wa kírípítò títí tó fi rẹ̀ ẹ́. RAM DDR3 dé 16GB, ìyẹn ò wọ́n, àwọn tuntun ti lọ sí DDR4 àti DDR5 tipẹ́. SSD ló wá yà mí lẹ́nu jù. Lórí H61 yẹn kò lè ju bíi 270MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá torí ojú SATA ẹ̀, ibi tí wọ́n ń ki SSD sí, ti àtijọ́ ni, síbẹ̀ mi ò ráyè lọ wẹ̀ mọ́ kí Windows tó ṣí. Nígbà tá a wá gbé e sórí Z77 lẹ́yìn náà ó kọjá 500, mi ò sì mọ ìyàtọ̀ kankan lójú, kí n má purọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni o, mo padà ra Z77. Ojúkòkòrò ni. Owó ṣẹ́ kù díẹ̀, mo sì ti sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé mo fẹ́ ṣe overclock.

Ìgbà tó tú fáànù prosẹ́sọ̀ kúrò, ẹ wá wo nǹkan. Eruku tó wà láàárín irin ẹ̀ ti di bí irun àgùntàn, òkú aáyán kan wà níbẹ̀. Páàsítì tó ń gbé ooru láti ara prosẹ́sọ̀ lọ sí irin fáànù, èyí tí ọ̀gá àkọ́kọ́ fi sí i, ó fi pa gbogbo ojú ẹ̀ dé etí bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì Agége, ó ti ya sórí bọ́ọ̀dù. Injiníà fi sípíríìtì nù ún mọ́, ó fi èyí tó tó hóró ẹ̀wà kan sí àárín, ó gbé kúlà gíga oní-kọ́pà mẹ́rin lé e, ó dè é díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì, kò di ẹ̀gbẹ́ kan pa kó tó kan èkejì. Ọwọ́ ẹ̀ mọ́.

Overclock fúnra ẹ̀ ò le bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. 100MHz ni wọ́n ń fi 33 ṣe ìlọ́po, ìyẹn ni 3.3GHz. Ó gbé e sí 45, ìyẹn 4.5GHz, ó fún un ní iná 1.35 fóòtì, alẹ́ ni, ọyẹ́ ń fẹ́, ooru ẹ̀ ò kọjá dígírì 74. A fò sókè. Mo gbé e délé, lọ́jọ́ kejì lọ́sàn-án, nínú yàrá mi tí páànù wà lórí ẹ̀ láìsí sílíìnì, ó dé 90, ojú búlúù yọ sí mi, kọ̀ǹpútà dákú nìyẹn. Èmi àti ẹ̀ wà lórí WhatsApp di aago mọ́kànlá òru, à ń sọ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi dúró ní 42 pẹ̀lú 1.25 fóòtì, ibẹ̀ ló wà dòní, 71 ló máa ń wà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi. Ó tún tọ́jú ètò méjì sínú BIOS, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò bọ́ọ̀dù, fún mi, ọ̀kan fún ìgbà tíná bá wà, èkejì bó ṣe wà látilé iṣẹ́ fún ìgbà tí mo bá tan jẹ́nẹ́. Ìyẹn gan-an ni mo fi mọ̀ pé ọmọ Ìkòròdú ni.

Kí lèrè ẹ̀? GTA V tó ń rìn bí ìgbín tẹ́lẹ̀, kaadi yẹn ló gbé e dé bíi 60 fírémù (àwòrán) ní ìṣẹ́jú àáyá. Overclock kàn jẹ́ kó má jábọ́ dé 48 mọ́ nígbà tí mọ́tò bá pọ̀ ní títì, 55 ló ń dé báyìí. ₦45,000 àti owó kúlà nìyẹn o. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ẹni tó bá ti ní bọ́ọ̀dù oní-Z nílẹ̀ kó ṣe é, ẹni tó bá wà lórí H61 kó fi owó ẹ̀ ra nǹkan míì. Ẹ sì mọ̀ pé prosẹ́sọ̀ yìí ò ní AVX2, àwọn àṣẹ kan tí prosẹ́sọ̀ tó tuntun jù ú lọ mọ̀, àwọn géèmù tuntun kan ò ní ṣí lórí ẹ̀ rárá, bẹ́ ẹ fún un ní 5GHz, Microsoft ò sì fọwọ́ sí Windows 11 fún un.

Ẹjọ́ Injiníà wá kù. Ó ní Tọ́sídeè lòun máa parí ẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlá ló lò. Tẹ́ ẹ bá pè é, ó wà lọ́nà, ó ti fẹ́ẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ ń gbọ́ tí àkùkọ ń kọ ní ẹ̀gbẹ́ etí ẹ̀. Rìsíìtì mi, ẹ̀yìn páálí fáànù ló kọ ọ́ sí. Wáràńtì ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnu lásán. Mo fún un ní 7 nínú 10, màá sì tún padà lọ. Sátidé ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì pè é kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ bi í bóyá ó ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ má bi í bóyá ó ń bọ̀.