Singapore sí New York: ṣé ká gba bàálù tó ń lọ tààrà ni, àbí èyí tó ń dúró ní Frankfurt?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má jẹ́ kí aago tí wọ́n kọ sí i tàn yín. Bàálù lè gbéra ní Changi, pápákọ̀ òfurufú Singapore, nígbà tó bá ku díẹ̀ kí aago méjìlá òru lù, kó sì balẹ̀ ní Newark, pápákọ̀ kan nítòsí New York, ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹni tí kò bá fura á rò pé wákàtí mẹ́fà péré ni. Rárá o! Aago Singapore fi wákàtí 12 ṣáájú ti New York nígbà ooru, 13 nígbà òtútù. Wákàtí 18 ó lé lẹ máa fi jókòó.

Láti Changi dé JFK, pápákọ̀ òfurufú inú New York, jẹ́ 15,349 kìlómítà. Newark kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Tí ẹ bá gba Frankfurt ní Jámánì, ẹ máa rìn tó 10,260 kìlómítà kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ó ṣì ku bí 6,190 sí JFK. Àfikún ìrìn náà kò ju bíi 1,100 kìlómítà lọ, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ máa ń sún mọ́ wákàtí 24. Kí ló fà á? Ẹ máa dúró bíi wákàtí méjì ní Frankfurt, ẹ máa gbé báàgì ọwọ́ yín sọ̀kalẹ̀, wọ́n á tún yẹ̀ yín wò. Ẹ̀wẹ̀, afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè réré tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Bàálù tó lọ tààrà sábà máa ń gba orí òkun Pàsífíìkì, afẹ́fẹ́ yìí á máa tì í lẹ́yìn. Èyí tó gba Frankfurt, iwájú ló ti ń pàdé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó ló ká mi lára jù. Àwọn bàálù A350-900ULR ti Singapore Airlines tó ń lọ Newark kò ní ẹkọ́nọ́mì, ìjókòó olówó pọ́ọ́kú, rárá: ìjókòó bísínẹ́ẹ̀sì 67 àti premium economy (tó fẹ̀ díẹ̀ ju ẹkọ́nọ́mì lọ) 94 ló wà níbẹ̀. Ẹni tówó rẹ̀ ò tó èyí, èyí tó ń dúró ní Frankfurt ni kó wò.

Tó bá jẹ́ èmi ni, tí mo bá ń dá rìn, tààrà ni mo máa gbà, mo sì máa yan ìjókòó tó wà létí ọ̀nà kí n lè máa dìde rìn. Ní wákàtí kẹtàlá, ẹsẹ̀ á ti wú débi pé bàtà tẹ́ ẹ bọ́ sábẹ́ ìjókòó lè má wọ̀ mọ́. Àmọ́ ẹni tí orúnkún ń dùn, tàbí tó gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn dání, kó gba Frankfurt. Wákàtí méjì tí ọmọ bá fi sáré kiri nílẹ̀ gbalasa, ìsinmi ńlá ni fún ìyá rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó èyí tó ń dúró, ẹ wo ìwé ìrìnnà yín. Jámánì ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ àwọn ará orílẹ̀-èdè kan, kódà tí wọn ò bá ní jáde kúrò nínú pápákọ̀ òfurufú.