Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra owó fàdákà ní Àbújá: "Silver Jubilee" 1977 kì í ṣe fàdákà

Ẹ̀yin ará mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ra owó àtijọ́ ní Wuse, Garki àti Kubwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn láàárín wa. Owó onírin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń tà, ó ń pè é ní ojúlówó fàdákà, ó sì ń fọkàn èèyàn balẹ̀ pé ọjọ́ tí kò bá wù wọ́n mọ́, báńkì yóò gbà á ní pọ́n-ùn 5. Irọ́ ni méjèèjì. Mo ra mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ ní ₦45,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. ₦180,000 ló bá a lọ.

Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ó sì mọ èèyàn-án kí. Ìdọ̀bálẹ̀ ló fi wọlé tọ̀ mí, ó ní ẹnì kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló júwe mi fún òun. Ó tú aṣọ pupa kan sílẹ̀ lórí tábìlì, ó kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ike rẹ̀. Owó ńlá ni, ó fẹ̀ díẹ̀ ju mìlímítà 38 lọ. Ọbabìnrin Elizabeth wà lójú kan lórí ẹṣin, ọdún 1977 wà lábẹ́ rẹ̀. Lójú kejì ni ìgò òróró àti ṣíbí tí wọ́n fi ń ta òróró sí ọba wọn lórí wà, wọ́n fi òdòdó yí i ká. Ó rẹwà. Èmi tí mo ti ń gbé ilẹ̀ Hausa láti ọdún yìí wá, tí mo mọ bí ẹṣin ọba ṣe ń rí lọ́jọ́ Dọ́bà, ẹṣin yẹn fà mí lọ́kàn.

Mo ní kí n yọ ọ̀kan nínú ike. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe é, òógùn ọwọ́ á bà á jẹ́." Òótọ́ ni pé òógùn ọwọ́ máa ń ba owó fàdákà jẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà. Ló bá mú òòfà jáde lápò, ó fi kan ike náà. Òòfà ò fà á. Ó ní, "Ẹ ṣe rí i? Ká ní irin ni, ṣé ì bá má lẹ̀ mọ́ ọn?"

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí òòfà yìí dáadáa, nítorí òun ló mú mi. Lóòótọ́ ni òòfà kì í fa fàdákà. Àmọ́ kì í fa bàbà náà, kò sì ní fa bàbà tí wọ́n po nickel mọ́ bí irú èyí. Bàbà àti nickel ni wọ́n fi ṣe owó 1977 tí wọ́n fi sọ́wọ́ aráyé, ó sì ń dán funfun bíi fàdákà. Òòfà lè sọ fún yín pé nǹkan kì í ṣe fàdákà. Kò lè sọ fún yín láé pé fàdákà ni.

Orúkọ náà tún wà ńbẹ̀. "Silver Jubilee" tí wọ́n kọ sára páálí tó fi dì í, ọdún 25 tí ọbabìnrin lò lórí oyè ni wọ́n ń sọ, láti 1952 sí 1977. Kò kan ohun tí wọ́n fi ṣe owó. Bí tọkọtaya ṣe ń ṣe silver jubilee ìgbéyàwó lọ́dún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà ni. Bíi mílíọ̀nù 37 ni wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ló rà á pamọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì wọ́n wọn níbẹ̀ rárá. Wọ́n tẹ ti fàdákà gidi náà fún àwọn olùkójọ, ó kéré púpọ̀ sí ti bàbà, ojú rẹ̀ sì máa ń dán bíi dígí. Ìwọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì: gíráàmù 28.28. Torí náà, ẹni tó bá fi ìwọ̀n nìkan ta á fún yín, kò tíì fi nǹkan kan hàn yín.

Bàbá alágbẹ̀dẹ kan tó jẹ́ ọmọ Bìdá ló là mí lójú. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ bàbà àti fàdákà ò ṣàjèjì sí àwọn Nupe. Kò gé owó náà jẹ, kò gún un, kò da kẹ́míkà sí i. Ó wọ̀n ọ́n, 28.3. Ó gbé ife omi sórí ìwọ̀n kékeré oníbátìrì, ó tẹ bọ́tìnnì kí ìwọ̀n padà sí òdo. Ó wá so owó náà mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó rì í bọ inú omi pátápátá, kò jẹ́ kó kan ìdí ife tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n fi 3.2 hàn. Ó ní kí n pín 28.3 sí ọ̀nà 3.2. Ó lé díẹ̀ ní 8.8. Ti fàdákà gidi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ì bá fi nǹkan bíi 2.7 hàn nínú omi, ìṣirò rẹ̀ ì bá sì lé ní 10. A ṣe é fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹ ra ìwọ̀n yẹn. Àwọn tó ń ta wúrà máa ń lò ó, okùn àti ife omi sì wà nílé gbogbo wa. Ẹni tó bá ní kí ẹ má yọ owó nínú ike rárá kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ní ti pé báńkì á gbà á: ẹ yí owó 1977 yẹn síwá sẹ́yìn, ẹ ò ní rí iye kankan lára rẹ̀. Ọdún nìkan ló wà níbẹ̀. Àyè yẹn ló fún un láti máa sọ pé pọ́n-ùn 5 ni. Láti 1990 ni irú owó ńlá bẹ́ẹ̀ ti di pọ́n-ùn 5 lọ́dọ̀ wọn. Èyí tó jáde ṣáájú ìgbà náà, pẹ́ńsì 25 ni, ìdá mẹ́rin pọ́n-ùn kan. Mo fi ọ̀kan rán àbúrò mi tó ń lọ sí London. Obìnrin tó wà nídìí káńtà báńkì wò ó, ó dá a padà fún un, ó ní àwọn kì í gbà á.

Àní ojúlówó gan-an kò rọrùn láti ná. Ní 2013 ni ilé iṣẹ́ tó ń tẹ owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta owó fàdákà oní pọ́n-ùn 20 ní pọ́n-ùn 20 gẹ́lẹ́, ní 2015 wọ́n ṣe ti pọ́n-ùn 100. Àwọn kan rò pé owó àwọn wà ní ààbò, àfi ìgbà tí wọ́n gbé e lọ sí báńkì tí báńkì ò gbà á. Owó tí òfin fọwọ́ sí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn kò ju pé ẹni tó bá fi san gbèsè ní kóòtù, wọn ò lè pè é lẹ́jọ́ mọ́ pé kò san. Kò di dandan fún ìsọ̀ tàbí báńkì láti gbà á. Ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Silver Eagle, láti 1986, dọ́là 1 ni wọ́n kọ sí i, fàdákà tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 31.1. Ẹni tó bá ná irú ìyẹn ní dọ́là kan ti pàdánù fàdákà rẹ̀.

Ní Nàìjíríà níbí, náírà là ń ná. ₦50 tí wọ́n ṣe fún àádọ́ta ọdún òmìnira ní 2010 àti ₦100 ti 2014 tó jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún ọdún Nàìjíríà, ẹ lè ná wọn lọ́jà, owó gidi ni wọ́n. Àwọn Alhaji tó ń ṣẹ́ owó ní Zone 4, owó bébà ni wọ́n ń rà. Mo fi tèmi hàn wọ́n, wọn ò tilẹ̀ mú un dání.

Ọkùnrin tó ta owó fún mi yẹn tún ní owó 1780 kan lọ́wọ́, orí obìnrin ńlá kan wà lójú kan, ẹyẹ olórí méjì lójú kejì. Ọbabìnrin Maria Theresa ti Austria ni. Àwọn ará Kano ti ń fi ṣòwò kí òyìnbó tó gba ìlú, nígbà tí Barth, òyìnbó arìnrìn-àjò ará Jámánì, dé ibẹ̀ ní 1851, owó ẹyọ 2,500 ni wọ́n ń fi pààrọ̀ ọ̀kan. Ọkùnrin yìí ń sọ pé ó ti lé ní ọdún 240. Ẹ fetí sí mi: 1780 ni wọ́n ń kọ sára gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ìgbà ayé wa. Ọdún yẹn kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀ yíká, lẹ́tà tó yọ síta ló yẹ kó wà níbẹ̀. Èyí tó fi hàn mí, etí rẹ̀ dán, kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ṣílè Nàìjíríà 1959 tó ń pè ní fàdákà. Bàbà àti nickel ni òun náà. Ṣílè West Africa ti 1913 sí 1919 ló ní fàdákà gidi.

Ẹni tó bá ti rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún ẹlòmíràn láti fi gbowó yín padà. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí ìsanwó àti gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti pàdé sílẹ̀, kí a jọ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì EFCC ní Jabi. Àwa mẹ́ta la ti wà nílẹ̀ báyìí. Sátidé tó kọjá ni wọ́n rí i ní Kubwa, aṣọ pupa yẹn ló ṣì tẹ́ sílẹ̀, ó sì ń ka owó sórí rẹ̀ fún ìyá àgbàlagbà kan.