Ẹ ṣọ́ra fún Raleigh oníẹ́ńjìnì tí wọ́n ń tà kiri Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹ̀yin ará wa ní Àkúrẹ́, Oǹdó, Ìdànrè àti agbègbè wọn, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ ológere àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó Raleigh oníẹ́ńjìnì kankan kẹ́ ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí tán. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó rẹ̀ lórí Facebook àti WhatsApp. Fọ́tò rẹ̀ ń wu èèyàn: ọ̀dà dúdú tó ń dán, ìlà aláwọ̀ wúrà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ́ńjìnì tó mọ́ tónítóní láàárín. Ó ní férémù àwọn ọdún 1950 ni, ẹ́ńjìnì tuntun 80cc (cc ni wọ́n fi ń wọn bí inú sílíńdà ṣe tóbi tó) láti Ṣáínà ló wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣáà ti máa gùn ún lọ. Irọ́ ni. Férémù tí wọ́n gé tí wọ́n tún jó pọ̀ ni, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì jẹ́ ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tá a ń pè ní "I pass my neighbour", èyí tí wọ́n ti lò gbó. Owó dùn èèyàn o, àmọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kẹ̀kẹ́ yìí lè ṣẹ́ mọ́ èèyàn nídìí lórí eré.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ní Oǹdó, ra ọ̀kan ní ₦260,000. Raleigh ni bàbá wọn fi ń ru kòkó wálé láti oko nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá irú rẹ̀. Ọkùnrin náà gba ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ṣáájú. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì yàtọ̀ sí èyí tó ń jẹ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n béèrè rìsíìtì, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi, ojú tì wọ́n láti tún un sọ.

Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà wá bá mi ní Àkúrẹ́ torí ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì. Ẹ́ńjìnì yẹn ni mo fẹ́ wò, àmọ́ nígbà tí mo dá kẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀, mo rí ìlà kan lábẹ́ páìpù ìsàlẹ̀, lẹ́yìn mọ́gáàdì iwájú, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Mo fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ yẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ọ̀dà ṣí, pọ́tì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ṣí tẹ̀ lé e, ègé kan tó nípọn tó owó ẹyọ. Nígbà tí mo ha gbogbo rẹ̀ kúrò, mo rí i pé wọ́n ti gé páìpù Raleigh náà, wọ́n ki páìpù omi bọ àárín rẹ̀, wọ́n sì fi iná ẹ̀rọ jó o pọ̀ wúruwùru. Ihò wà lójú ibi tí wọ́n jó náà tí orí ìṣáná wọ̀ dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni ìlà tí mo rí yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ń rìn yí páìpù ká. Ẹ̀gbọ́n mi ti gùn ún lọ gùn ún bọ̀ lójú títì Àkúrẹ́ sí Oǹdó, láàárín tírélà. Mo dákẹ́ fúngbà díẹ̀ kí n tó lè sọ fún wọn.

Ìdí tí wọ́n fi gé e rèé. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ kò fẹ̀, àárín páìpù ìsàlẹ̀ àti páìpù abẹ́ ìjókòó ló ń jókòó sí, wọ́n á fi bóòtì dè é mọ́ wọn, kò sì sí ìdí láti gé ohunkóhun. Ti jẹnẹrétọ̀ fẹ̀, torí fláíwíìlì (irin róbótó tó ń yí) àti fáànù ara rẹ̀, kò lè wọ ibẹ̀. Páìpù Raleigh tí wọ́n ṣe ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nípọn, irin rẹ̀ fẹ́lẹ́. Wọ́n ki orí wọn bọ inú oríkèé irin, wọ́n sì fi idẹ yíyọ́ mú wọn dúró. Bí wẹ́dà bá wá fi iná ẹ̀rọ jó o nítòsí oríkèé, irin fẹ́lẹ́ náà á jóná, idẹ á wọ inú ibi tí wọ́n jó náà, ibẹ̀ ló sì ti máa sán. Ó lè má sán lónìí. Ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnì ló máa parí iṣẹ́ náà.

Ọkùnrin yìí mọ ìtàn sọ. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé bẹ́ẹ̀ náà ni Honda ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn sì jẹ́ òótọ́: ní 1946, lẹ́yìn ogun, Soichiro Honda kó àwọn ẹ́ńjìnì kékeré tí àwọn ológun Jàpáànù fi ń ṣiṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ rédíò wọn, ó sì so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ra ti Honda mọ ohun tí wọ́n ń rà. Kò kun jẹnẹrétọ̀ lọ́dà kó pè é ní ohun mìíràn.

Ẹ́ńjìnì jẹnẹrétọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun burúkú níbi tí wọ́n ṣe é fún. 63cc ni. Wọ́n ṣe é kó máa yí ní ìwọ̀n kan náà, bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kí iná lè dúró déédéé. Fáànù ara rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn, páànù tó bo sílíńdà ló sì ń darí atẹ́gùn náà síbi tó gbóná. Ọkùnrin yìí bọ́ páànù náà sọnù kí ẹ́ńjìnì lè jọ ti kẹ̀kẹ́. Òkè kékeré kan tó, sílíńdà á gbóná kọjá bó ṣe yẹ, písítìnì á lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tún sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé bẹntiróòlù lásán ló ń mu. Èyí bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Irú ẹ́ńjìnì yìí ò ní ọ́ìlì mìíràn ju èyí tá a bá pò mọ́ epo. Kódà ojúlówó ẹ́ńjìnì kẹ̀kẹ́ láti Ṣáínà, ọ́ìlì 1 sí epo 16 ni wọ́n sábà máa ń ní ká fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 250ml nínú lítà 4, ká tó dín in kù sí 1 sí 20.

Ní ti 80cc tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ojúlówó tí wọ́n kọ 80cc sí lára pàápàá sábà máa ń jẹ́ bí 66cc: sílíńdà fẹ̀ tó 47mm, písítìnì sì ń rin 38mm. Ẹni tó bá búra fún yín pé 80 gidi ni, bóyá kò mọ ọjà tó ń tà, bóyá ó ń parọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ lọ lójú ọ̀sán, ẹ mú òòfà kékeré dání, irú èyí tó ń wà nínú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Ẹ fi í rìn lórí gbogbo páìpù, pàápàá lábẹ́. Irin máa ń fà á, pọ́tì kì í fà á. Ibi tí kò bá ti fà á dáadáa, ẹ ní kí wọ́n ha ọ̀dà ibẹ̀ lójú yín. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ máa lọ ilé yín. Ẹ wo ọwọ́ òsì hándù: ojúlówó ní kílọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, ẹ óò fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ kẹ́ ẹ tó tú u sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnì lè gbá. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n ń fa okùn lára ẹ́ńjìnì, tàbí ojú bóòtì tí wọ́n fi pọ́tì dí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti jẹnẹrétọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin nídìí ìjókòó. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì rẹ́ ẹ, ó ṣeé ṣe kí kẹ̀kẹ́ náà jẹ́ ti bàbá arúgbó kan ní abúlé tí wọ́n jí gbé. Àmì Raleigh, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tó wà níwájú, kò jẹ́rìí ohunkóhun, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Ẹ dán bíréèkì wò pẹ̀lú, torí bíréèkì onírin àtijọ́ kò lágbára tó fún eré ẹ́ńjìnì, àgàgà tí òjò bá rọ̀.

Mi ò bá gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jà. Mo mọ àwọn ọmọ tó ń ṣe é dáadáa ní Àkúrẹ́ níbí, tí wọ́n ń fi ẹ́ńjìnì hàn yín kí wọ́n tó dè é, tí wọ́n sì ń kọ rìsíìtì láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 náà sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ọjà wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ìfọkàntán kó ìtìjú bá yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ẹ má gùn ún mọ́, kódà kó jẹ́ láti ilé dé ọjà. Ẹ yẹ abẹ́ páìpù ìsàlẹ̀ àti ibi tó ti pàdé ọrùn kẹ̀kẹ́ wò. Ẹ má dá a padà fún un, ẹ má sì jẹ́ kó wá "tún un ṣe", torí ẹ̀rí yín nìyẹn. Ẹ tọ́jú fọ́tò ìpolówó, ọ̀rọ̀ WhatsApp àti ẹ̀rí pé ẹ fowó ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì tètè fi tó báǹkì yín létí. Ẹ̀gbọ́n mi ń múra láti fẹjọ́ sùn ní tésàn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá wọn lọ, ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ fi fọ́tò abẹ́ férémù yín ránṣẹ́, mo máa sọ ohun tí mo bá rí fún yín.