FetHead àti máìkì tí ohùn rẹ̀ kì í tètè ròkè

Ibi tó ti máa ń le jù fún ẹni tó ń ka ìwé Yorùbá sórí ẹ̀rọ ni òpin gbólóhùn. Ohùn a máa rọra wálẹ̀ níbẹ̀, pàápàá tí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn bá jẹ́ olóhùn ìsàlẹ̀, á wá kù díẹ̀ kó di èémí lásán. Tí ẹ̀rọ bá wá ń hó "ṣììì" lábẹ́ ohùn, ibẹ̀ gan-an ni híhó náà ti máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, tí olùgbọ́ á máa nawọ́ sí bọ́tìnnì kó lè gbọ́ ohun tí mo sọ. Iṣẹ́ tí mo yàn láàyò ni kíka ìwé fún àwọn tó fẹ́ fi etí kàwé, ohùn mi kò sì le. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra FetHead, ohun kékeré kan tí ilé-iṣẹ́ Triton Audio ní Netherlands ń ṣe, tó máa ń wà láàárín máìkì àti interface (àpótí tó ń so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà) láti bá wa gbé ohùn sókè. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sì ń pariwo pé tiwọn ti bàjẹ́, nǹkan mìíràn ló bàjẹ́.

Shure SM7B ni máìkì mi. Ohùn rẹ̀ kún, ó sì jinlẹ̀, kì í sì í kó gbogbo ariwo yàrá wọlé. Àwọn oníṣẹ́ rédíò àti àwọn tó ń ṣe pódíkáàsì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìṣòro rẹ̀ ni pé iná ohùn tó ń ti inú rẹ̀ jáde kéré jọjọ. Tí ohùn tó bá dé ẹnu rẹ̀ bá le tó 94 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó), 1.12 mV péré ni máìkì náà máa gbé jáde. Interface ló máa wá gbé ìyẹn sókè, ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ máa nílò gain, ìyẹn gbígbé ohùn sókè, tó tó 60 dB, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Interface tèmi, 56 dB ni òpin gain rẹ̀. Mo máa yí gain títí tí kò fi ní ibi tó ń yí sí mọ́, ohùn mi á ṣì wà nísàlẹ̀, híhó á sì ti dé.

FetHead kò tóbi rárá. Ọ̀pá irin kúkúrú ni: ihò XLR, irú ìdí wáyà onípíìnì mẹ́ta tí máìkì ń lò, wà lórí, píìnì mẹ́ta wà nídìí. Kò ní bọ́tìnnì kankan, kò sì ní bátìrì. Ẹ ó ki í bọ ìdí máìkì, ẹ ó wá ki wáyà bọ ìdí tirẹ̀, ó parí. Iná tó ń jẹ ni phantom power, ìyẹn 48V tí interface máa ń rán gba inú wáyà kan náà tí ohùn ń gbà bọ̀. Ó ń jẹ iná náà tán síbẹ̀ ni, kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ máìkì. Èyí wúlò fún ẹni tó bá ń lo máìkì ribbon àtijọ́ (irú èyí tí irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń gbọ́ ohùn nínú rẹ̀), torí phantom power lè ba irú máìkì bẹ́ẹ̀ jẹ́ tí wáyà kò bá pé.

27 dB ló ń fi kún ohùn. Tí a bá fi iná ṣírò rẹ̀, ó ń sọ ohun tó ti máìkì wá di nǹkan bí ìlọ́po 22, tó fi jẹ́ pé 1.12 mV tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan máa di nǹkan bí 25 mV kó tó dé ẹnu interface. Mo mú ojú ìwé kan, mo kà á láìsí FetHead, mo tún kà á pẹ̀lú rẹ̀, mo sì rí i pé ohùn mi dọ́gba nínú méjèèjì kí n má baà tan ara mi jẹ. Nígbà tó wà níbẹ̀, bọ́tìnnì gain tó máa ń wà lópin dúró sí agbede méjì. Mo fi headphone sétí, mo sì gbọ́ àlàfo tó wà láàárín gbólóhùn méjì. Níbi tí "ṣììì" máa ń wà tẹ́lẹ̀, mo ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí, mo ń gbọ́ bí ìka mi ṣe ń ra bébà kí n tó ṣí ojú ìwé. Àwọn ọ̀rọ̀ òpin gbólóhùn dúró gedegbe, ohùn ìsàlẹ̀ wọn kò sọnù. Ohun tí mo rà á fún gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ yé wa o, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi owó ná. Híhó yẹn kò ti inú máìkì wá. Inú interface ló wà, tó bá sì ti ń lo gbogbo agbára rẹ̀ ló máa ń hàn. Ohun tí FetHead ń ṣe dà bí ìgbà tí ènìyàn bá bá alẹ́rù gbé ẹrù dé àyà, kó tó wá fúnra rẹ̀ gbé e karí. Interface kò ní làágùn mọ́. Ṣùgbọ́n tí interface yín bá lágbára, tí kò sì pariwo, ẹ lè ra nǹkan yìí kẹ́ ẹ má gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Focusrite Scarlett 2i2 ìran kẹta, 56 dB ni gain rẹ̀. Ìran kẹrin ti dé 69 dB. Ẹni tó ní èyí tó kẹ́yìn yìí, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa kó tó náwó. Bákan náà, ẹni tí kò tíì ra máìkì lè wo SM7dB tí Shure gbé jáde ní 2023: agbóhùnga ti wà nínú òun fúnra rẹ̀, ẹ sì lè yàn án sí 18 dB tàbí 28 dB.

Ohun kan wà tó ń bí mi nínú nínú ìpolówó irú nǹkan báyìí: wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó ń mú ohùn dùn. Kò mú ohùn dùn. Gbogbo ohun tí máìkì bá gbọ́ pátá ló ń gbé sókè, tó fi mọ́ fáànù tó ń yí lẹ́yìn yín àti ògiri tó ń dá ohùn padà. Ẹni tí yàrá rẹ̀ ń dún gbọ̀ngbọ̀n, kó ta aṣọ sára ògiri ná, kó sì sún mọ́ máìkì. Bí ẹnu bá súnmọ́ máìkì dáadáa, ohùn á ga láìná kọ́bọ̀.

Cloudlifter CL-1 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, 25 dB lòun ń fi kún un. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ àpótí ni, ó máa nílò ibi tó máa jókòó sí àti wáyà kan sí i, èmi kò sì fẹ́ wáyà púpọ̀ lórí tábìlì. DM1 Dynamite tí sE Electronics ṣe jẹ́ ọ̀pá bíi ti FetHead, 28 dB ni tirẹ̀. Ẹyọ dB kan kò tó ohun tí etí máa fi yan ọ̀kan sílẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ràn lára àwọn ọ̀pá wọ̀nyí ni pé wọ́n ń mú kí ìdí máìkì gùn, wáyà á wá máa fà á nílẹ̀. Mo so wáyà mọ́ apá tó gbé máìkì dúró, kí ìwúwo rẹ̀ má baà wà lórí ihò XLR.

Ní ti ìgbà tí kò bá ṣiṣẹ́: tí ohùn kò bá jáde rárá, tàbí tó ń jáde bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti ilé kejì, bọ́tìnnì 48V ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Láìsí iná yẹn, òkú ọ̀pá lásán ni FetHead. Àwọn kan ti gbọ́ pé máìkì dynamic, irú bíi SM7B tèmi, kò nílò phantom power, òótọ́ sì ni, àmọ́ ohun tó wà láàárín ló nílò rẹ̀. Tí ẹ bá ti tẹ 48V tí kò tún ṣiṣẹ́, ẹ wo ìdí wáyà tó wọ inú interface. Ìdí XLR ni kó jẹ́. Wáyà tí ẹnu kan rẹ̀ jẹ́ XLR tí ẹnu kejì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń ki bọ gìtá tàbí inú fóònù kì í gbé phantom power, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wáyà fúnra rẹ̀. Tèmi ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í mú ohùn tín-ín-rín jáde, ohùn náà sì ń fọ́, bẹ́ẹ̀ iná 48V ń tàn. Mo pa 48V, mo dúró díẹ̀, mo yọ FetHead kúrò, mo sì so máìkì mọ́ interface tààrà. Ohùn ṣì tín-ín-rín, kò ní ìdí. Ó hàn pé FetHead kọ́ ni. Mo pààrọ̀ wáyà, ohùn padà bọ̀ sípò. Nígbà tí mo fi sukudiráfà tú ìdí wáyà ti tẹ́lẹ̀, okùn tó yẹ kó wà lára píìnì kẹta ti já kúrò lára léèdì, ó kàn ń fara kan án ni. Píìnì kejì àti ìkẹta ni phantom power ń gbà, ohùn náà ń gbà wọ́n, ìkíní sì ni ilẹ̀. Ọ̀kan já, wàhálà dé. Nítorí náà, kí ẹ tó dá FetHead padà fún ẹni tó tà á, ẹ fi wáyà tó dájú dán an wò. Ẹ sì máa pa 48V ná kí ẹ tó yọ ohunkóhun, pàápàá tó bá jẹ́ ribbon ló wà níwájú.

Tó bá jẹ́ pé ohùn ń fọ́ nígbà tí ẹ bá gbóhùn sókè nìkan, gain ti pọ̀ jù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń fi FetHead sí i tán tí wọ́n á fi gain sílẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ dá a padà sílẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ibi tí ohùn yín le jù á fi máa dé nǹkan bí -12 dB lójú ẹ̀rọ. Ìró "gbàù" tó máa ń dún tí ẹ bá tẹ 48V kì í ṣe àìsàn. Ẹ kàn máa rẹ gain àti headphone sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ti kíkùn "hùùù" yàtọ̀. Ẹ yọ ṣájà lára kọ̀ǹpútà alágbèéká, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ bóyá ó dáwọ́ dúró. Tó bá dúró, iná ṣájà ló ń wọlé, ẹ fi bátìrì ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń gbohùn sílẹ̀. Tó bá jẹ́ "tí-tí-tí" ló ń dún, ẹ gbé fóònù kúrò nítòsí wáyà.

Ẹni tí máìkì rẹ̀ jẹ́ condenser, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra FetHead lásán. Máìkì yín nílò 48V, ọ̀pá yìí kò sì ní jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní dún rárá. Èyí tí wọ́n ń pè ní FetHead Phantom ni wọ́n ṣe fún condenser, ìyẹn máa ń jẹ́ kí iná kọjá. Orúkọ méjèèjì jọra lára páálí, ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó.